Aṣọ Olóyè Lójú Fèrèsé

Àbúrò mi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Alágbàfọ̀ ládùúgbò wa, bíi pé òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń fọ aṣọ, òun ń lọ ọ́. Bí a ṣe pín in láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí èmi ò lè dúró ti áyọ́ọ̀nù, òun náà ò sì fẹ́ kí ọwọ́ òun máa wà nínú omi. Ìyá kan náà ló bí wa, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pín sùúrù, òun ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹnu ló kàn mí.

Aṣọ kì í sọnù lọ́dọ̀ wa. Bí aṣọ bá ti wọlé, àbúrò mi á mú abẹ́rẹ́, á fi òwú aláwọ̀ gán àmì sí abẹ́ ọrùn rẹ̀. Òwú pupa ni ti awakọ̀ òpópónà kejì, òwú aláwọ̀ ewé ni ti tíṣà, òwú búlúù ni ti ilé tiwa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já àmì ẹlòmíràn. Bí ẹni tó ni aṣọ ò bá wá, aṣọ rẹ̀ á máa gbé orí pákó ẹ̀yìn títí tó fi máa dé. Ọkùnrin kan rìnrìn àjò, ó pẹ́ kó tó padà, ó ní òun wá gba ṣòkòtò òun. Àbúrò mi gbé e jáde, ó tún un lọ. Ṣòkòtò wà pérépéré, ikùn ọkùnrin yẹn ni ò wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ òjò kan ni ológbò náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó rí jákujàku, etí òsì rẹ̀ ti ya. Kò jókòó síbòmíràn àfi orí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mo gbé ìgbálẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó lórí ohun tí a ò bá lọ mọ́, ìyẹn la ṣe sọ ọ́ ní Olóyè. Àbúrò mi wá aṣọ òtútù kékeré kan fún un. Nírọ̀lẹ́, tó bá ti pa áyọ́ọ̀nù, ooru tó kù lára rẹ̀ ni yóò fi lọ aṣọ yẹn, á wá tẹ́ ẹ sójú fèrèsé. Olóyè á dé, á sùn lé e. Àbúrò mi so òwú búlúù ilé wa mọ́ ọn lọ́rùn. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ máa fọ ológbò ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olóyè ò dé. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ ọkọ̀ àti inú gọ́tà, ó ń béèrè lọ́wọ́ alápatà àti oníbúrẹ́dì. Èmi àti ológbò yẹn kì í ṣọ̀rẹ́, irun rẹ̀ ti ba aṣọ dúdú jẹ́ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀, èmi náà já sí títì, mo ń pe, “Olóyè, Olóyè.” Ọkùnrin oníkùn kan yíjú padà, ó ní òun nìyí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Ọdún yí po. Àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé, àmọ́ àbúrò mi ò jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ kan kọjá láìlọ aṣọ náà. Bí mo bá ní ológbò ti sọnù, á ní, “Kò sọnù, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì padà ni.” Ohun tó máa ń sọ nípa aṣọ orí pákó ẹ̀yìn náà nìyẹn.

Ìgbà tó yá, onílé ní òun fẹ́ wó ilé náà, kí gbogbo wa kó jáde. Onígbàjámọ̀ kó, olùtún-bàtà-ṣe kó. Ọmọbìnrin àbúrò mi wá ṣọ́ọ̀bù tó dára fún wa lódìkejì odò, omi ń yọ níbẹ̀, iná kì í ṣe ségesège. Èmi ti di ẹrù tèmi. Àbúrò mi ní òun ò lọ.

“Bí a bá kó lọ,” ó ní, “fèrèsé wo ló fẹ́ gbà wọlé?”

Inú bí mi. Mo ní, “Bí ológbò bá rìnrìn àjò, ilé a di ilé èkúté. Tiwa yìí máa di àwókù, ìwọ á sì wà nínú ẹ̀.” Ó kọtí ikún sí mi. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí ó fi sunkún. Onílé wá fúnra rẹ̀, ó ní lọ́la làwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀, yálà ẹnì kan wà nínú ilé tàbí kò sí. Àbúrò mi kí i kú ìrìn, ó sì tẹjú mọ́ kọ́là aṣọ tó ń lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, oòrùn ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tó pa áyọ́ọ̀nù, tó lọ aṣọ náà, tó tẹ́ ẹ. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, torí àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo gbọ́ agogo kékeré kan. Nígbà tí mo yíjú, Olóyè wà lójú fèrèsé.

Òun ni. Etí òsì tó ya yẹn ló wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ó ti sanra, ara rẹ̀ ń dán, òórùn ọṣẹ ń bọ̀ lára rẹ̀. Òwú búlúù ò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́, rìbọ́nnù pupa tó ní agogo ló wà níbẹ̀. Ó yí po lórí aṣọ gbígbóná náà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì sùn.

Mo ti mú sísọ́ọ̀sì dé. “Ọmọ ìyá mi, gé e. Gbé e, ká máa lọ.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka gbé rìbọ́nnù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ ọrùn aṣọ oníbàárà wò. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n sì dá àyè sí i kó má bàa fún un lọ́rùn. Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

“Àmì ẹlòmíràn nìyí, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Tiwa ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.”

“Tiwa já. Ẹnì kan ń wo ojú fèrèsé báyìí, ó ń retí ẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo mọ bó ṣe máa ń rí.”

Èmi tí mi ò fẹ́ràn ológbò, mo jókòó sórí ẹrù tí mo di, mo sunkún bí ọmọdé. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi òwú búlúù gán ojú kan ṣoṣo sí abẹ́ rìbọ́nnù náà. Ó ní kò sẹ́ni tó ní ká má fi tiwa kún un. Nígbà tí aṣọ tutù, Olóyè dìde, ó nara, ó bẹ́ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé alápatà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi ló kọ́kọ́ jí. Kí ọkọ̀ tó máa kó ẹrù wa tó dé, ó ti kó àwọn aṣọ orí pákó ẹ̀yìn síta. Mo gbé ẹrù tèmi tẹ̀ lé e.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun, ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wá dúró, ó gbé e lọ́wọ́, ooru wà lára rẹ̀, kò sóhun tó fẹ́ fi lọ. Mo fa aṣọ kékeré náà yọ láàárín ẹrù tèmi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

Ó wò ó, ó wò mí. “Odò wà láàárín, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè odò?” mo ní. “Lọ ọ́ kó tó tutù.”

Ó lọ ọ́. Èmi ni mo lọ ṣí fèrèsé.