Igbá Omi Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fún un lómi. Bí o bá wọ ilé wọn ní Ahoyéyé, wàá kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n á bu omi sínú igbá, wọ́n á tọ́ ọ wò níṣojú rẹ, wọ́n á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó bi ọ́ bí ọ̀nà ti rí. Ìtọ́wò yẹn ni ẹ̀rí pé kò sí májèlé níbẹ̀, pé inú onílé mọ́ sí ọ. Ẹni tó bá kọ omi náà, ìjà ló bá wá.

Mo fẹ́ràn wọn. Ẹnu wọn mú ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn rọ̀ mọ́ ọmọ. Nígbà tí onígbáméjì wọ ilẹ̀ wa, ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, àwọn ni mo gbé ọmọbìnrin mi fún. Kò tíì pẹ́ tí mo já a lẹ́nu ọmú, kò sì tíì mọ ìrìn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu, èmi sì jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Pobẹ̀. Ẹ̀rù ikú tèmi kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni kí n má lọ gbé àrùn náà bá ọmọ mi.

Wọ́n ń gbé aláìsàn wá láti Sakẹ́tẹ́ àti àwọn abúlé, lórí kẹ̀kẹ́ àti lẹ́yìn ènìyàn. Ìgbẹ́ àti èébì kò jẹ́ ká rí ìdí fi kan àga. Omi jafẹ́lì, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀, la tún fi ń fọ ọwọ́. Ó ń ta wá nímú, ó ń bó wa lọ́wọ́, a sì ń bú u bí ẹni ń bú orogún. Síbẹ̀, onígbáméjì mú obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa, ó sì pa á. Òun ló máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Mo sunkún rẹ̀ gidigidi.

Ọ̀gá wa, ọmọ Ègùn láti Àjàṣẹ́, kó wa jọ, ó bi wá léèrè ibi tí a ń yà sí bí a bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá tú jáde. Bí ara aláìsàn kan bá yá, àwọn ará ilé rẹ̀ á dúró dè wá lójú ọ̀nà, wọ́n á fà wá wọlé láti dúpẹ́. Omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé wá. Onílé á tọ́ ọ wò, àwa náà á sì mu ún nínú igbá kan náà, nínú ilé tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde. Ta ni yóò kọ omi ọpẹ́? Ọ̀gá di orí mú. Ó ní à ń fi jafẹ́lì lé àrùn kúrò lọ́wọ́, à ń fi ọpẹ́ gbé e sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, ó kà á léèwọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ kankan mu omi nílé onílé.

Ìyẹn rọrùn ní Pobẹ̀. Ahoyéyé ńkọ́?

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo gun kẹ̀kẹ́ la oko ọ̀pẹ kọjá, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé. Ìyá gbé igbá bọ̀. Mo ní n kò ní mu. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa se omi ọmọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kó súnmọ́ mi.

"Ìyàwó mi, a kì í bómi ṣọ̀tá. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo ní wọn ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n da omi náà sílẹ̀, wọ́n sì yí padà. Ọmọ mi ń nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn wọn, ó ń ké. Mo sunkún dé Pobẹ̀. Mo bínú sí onígbáméjì, mo bínú sí ọ̀gá, mo bínú sí kẹ̀kẹ́ pàápàá.

Nígbà tí mo tún lọ, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Àpótí kan ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò, igbá tuntun wà lórí rẹ̀, wọ́n fi àwo dé e. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá tiwọn. Wọ́n mu níbẹ̀, wọ́n nu ẹnu.

"Mo ti tọ́ tèmi wò. Tìẹ nù un. Mo sè é, mo sì jẹ́ kó tutù. A kì í fún ìyàwó ilé lómi gbígbóná bí ẹni ń lé e lọ."

Ẹ̀rín pa mí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí: èmi lábẹ́ igi, àwọn lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ láàárín ẹsẹ̀ wọn, à ń pariwo ọ̀rọ̀ síra wa. Ìṣojú mi ni ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, n kò sì lè nawọ́ gbà á. Nígbà tó yá, kò ké mọ́ bí mo bá ń lọ. Ìyẹn dùn mí ju igbe rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sọ pé àrùn náà ti lọ, n kò dúró jẹun. Mo kọjá igi máńgòrò, mo wọlé tààrà. Ìyá dì mọ́ mi. Mo nawọ́ sí ọmọ mi, ó sá sẹ́yìn ìró wọn, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí ìkòkò omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá kékeré kan bọ̀, omi ń dà sí i láyà. Ó dúró níwájú mi, ó tọ́ ọ wò, ó sì nà án sí mi.

Ọwọ́ mi kò gbéra. Ọmọ tí mo bí ń fún mi lómi àlejò.

Ìyá fọwọ́ kan èjìká mi. "Gbà á, ìyàwó mi. Onílé ló fún ẹ lómi."

Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba, mo gbà á. Mo mu ún pẹ̀lú itọ́ rẹ̀ nínú omi náà, n kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù.