Orúnkún Ìyá Mi Lórí Ọ̀dà

Ojú bàbá mi ló di bàìbàì tí wọn kò fi lè wakọ̀ mọ́, ni mo bá di awakọ̀ ilé wa lẹ́ni ọdún méjìlélógún. Ọkọ̀ wọn àtijọ́ ni mo fi ń kó iṣu láti oko wa lẹ́bàá Ìjàyè lọ sí Mọníyà, níbi tí ìyá mi ti ń tà á. N kò tíì lò ju ọdún kan lọ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà, wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Mò ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ. Ó ku díẹ̀ ká wọ Mọníyà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń mójú tó ọkọ̀ lójú pópó na ọwọ́ sí mi. Mo dúró. Ó gba láísẹ́ǹsì mi, ó ní mò ń fi fóònù sọ̀rọ̀ lórí ìrìn.

Mo ní, "Ọ̀gá, n kò mú fóònù dání. Ó bàjẹ́, ó ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe láti ìjẹta. Àgbàdo ni mò ń jẹ." Mo gbé èyí tí mo jẹ kù sókè fún un wò.

"Mo fojú mi rí fóònù."

"Ẹ wá inú ọkọ̀ wò."

Kò wá nǹkan kan wò. Ó ti ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn.

Kí n tó bọ́ bẹ́líìtì, ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. Àwọn ọlọ́kadà ń dẹ ìrìn láti wò wọ́n. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó. Ọmọdé ni." Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá yìí kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ."

Rẹ ló ní. Kò lè sọ pé yín.

Mo fa ìyá mi dìde, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo ní mi ò ní san án, mo máa rojọ́ ní kóòtù. Ó rẹ́rìn-ín. "Máa lọ. A ó pàdé níbẹ̀."

Nílé, bàbá mi ní, "Lọ san án, kó o gba láísẹ́ǹsì rẹ. Ta ló ń bá ìjọba jà?" Inú bí mi sí àwọn náà.

Ọkadà ni mo gùn lọ sí kóòtù. Ọkùnrin náà kò yọjú, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ̀ wà nílẹ̀, iṣu wà nílẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ, ó wá. Gbogbo ẹni tí wọ́n pè ṣáájú mi ló ń sọ pé "Mo jẹ̀bi" bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé lákàtúnkà. Akọ̀wé kóòtù sọ sí mi létí pé kí n sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣàánú mi.

Mo ní, "N kò jẹ̀bi."

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe bá mi wá. Ó mú ìwé tó máa ń kọ orúkọ oníbàárà sí dání, ó fi ọjọ́ tó gba fóònù mi han adájọ́. Obìnrin ni adájọ́ náà. Wọ́n kà á, wọ́n wá kọjú sí ọkùnrin ojú pópó náà.

"Ṣé ẹ gba fóònù náà wò?"

"Rárá, Olúwa mi."

"Kí ló wá dá yín lójú?"

"Mo rí i tó gbé e sẹ́nu."

"Ṣé ẹnu ni wọ́n ń gbé fóònù sí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní mo jàre, kí wọ́n dá láísẹ́ǹsì mi padà. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ míì.

Mo ní, "Mo fẹ́ kó bẹ ìyá mi. Wọ́n kúnlẹ̀ fún un lójú pópó, kò ní kí wọ́n dìde."

Adájọ́ yọ awò ojú wọn. "Kóòtù yìí kò ní agbára lórí ìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì pe ẹni tó kàn.

Mo dúró de ọkùnrin náà lẹ́nu géètì. Mo ní, "Ẹ ò ní sọ nǹkan kan?"

"Ṣebí o ti jàre. Kí lo tún ń fẹ́?" Ó gun ẹ̀yìn ọkadà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá láísẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà.

"Ó dáa. Bí ẹlòmíì bá tún dá wa dúró lọ́la, n ó tún kúnlẹ̀."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"N kò mọ irú èèyàn tí yóò jẹ́."

Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ tìbínú-tìbínú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó nawọ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní inú ẹ̀gẹ́ gan-an ni mò ń gé dànù.