Bí Wọ́n Ṣe Nu Ìtàkùn Nù Lára Ògiri

Nínú gbọ̀ngàn kan tó jẹ́ ilé ìkó-táyà-sí tẹ́lẹ̀, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn figagbága nínú orin ráàpù níbẹ̀ yóò fi ẹfun ìkọ̀wé kọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sára ògiri dúdú tó wà lẹ́yìn pèpéle. Bí wọ́n bá ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó borí rẹ̀ kẹ́yìn yóò fi àkísà tútù nu orúkọ náà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò tún fi orúkọ yẹn pè é, kò sì ní gun pèpéle mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Wọ́n ti borí Ìtàkùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó ti ń lọ aṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógún, "Alọṣọ" lásán ni wọ́n ń pè é. Nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, níbi tó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n a máa pè é ní "Ọkọ mi kékeré" bí inú rẹ̀ bá dùn, bí inú rẹ̀ kò bá dùn, a di "ará ẹ̀yìn yẹn." Ara ògiri dúdú yẹn nìkan ló ti ń jẹ́ Ìtàkùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ra, a máa fà lọ nílẹ̀, ẹni tí kò bá sì wà á kò ní rí ìdí rẹ̀. Bí a bá yọ orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ló kù.

Ẹni tí wọ́n wá fi kò ó lójú ni Àáké, alápatà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà: ó jáde, ó bà, ẹ̀jẹ̀ dà.

Oṣù méje ni Ìtàkùn fi hun orin náà, ẹsẹ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Nínú ẹsẹ kìíní, ẹ̀wù funfun kan ni yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò máa ka bọ́tìnnì méje ara rẹ̀. Nínú ẹsẹ kejì, yóò la omi kọjá, yóò sì bọ́ sínú iná. Ẹsẹ kẹta nìkan ni yóò tú u sílẹ̀: ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ fi sin bàbá rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí rẹ̀ láàárọ̀ ìsìnkú, tí bọ́tìnnì mẹ́fà yọ́, tí ẹyọ kan ṣoṣo kù. Ó sọ ẹ̀wù náà nù, ó pariwo pé olè jí i lórí okùn, wọ́n sì fi ẹ̀wù aládùúgbò sin bàbá. Ọdún méjìdínlógún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi olè yẹn gégùn-ún. Ohun tí ẹnu kò lè sọ nílé, ó fẹ́ kí orin bá a sọ ọ́, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó wá gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó hun irú orin bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbà á kí òun nìkan mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àáké máa ń gbé ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wá fún lílọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje tó kò, ó bá a níbi tó ti ń kùn nídìí tábìlì ìlọṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kùn bí oyin yìí, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ohun tí kò lè yé alápatà ni."

"Ẹ dán mi wò."

Ìtàkùn ka ẹsẹ kìíní fún un, láti fi yangàn. Àáké ní: "Ẹ ò kàn ń ka bọ́tìnnì yẹn lásán. Ibì kan wà tó ń lọ."

Láti ogún ọdún tó ti ń kọrin, kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó mọ̀ dájú pé Àáké yìí ni òun yóò bá jà. Ṣùgbọ́n ó rò lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó mọyì ìkòkò kò ní fọ́ ọ. Ó ka ẹsẹ kejì. Ó ka ẹkẹta, ó sì tú gbogbo ìdí rẹ̀, títí kan ti bàbá, títí kan ti olè. Omi lé ròrò lójú alápatà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìdíje bọ́ sí, gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, ó fi fìlà sórí orúnkún. Ìtàkùn ka ẹsẹ kìíní. Ẹnì kan yán. Ẹnì kejì kígbe: "Bàbá, ẹ bá wa fọ tiwa náà!" Ẹ̀rín sọ. Àáké bọ́ síwájú:

"Wọ́n ní o gbọ́n, mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀?
Aṣọ olówó ń dán, tìrẹ rún bí ìfun ẹran!
Ogójì ọdún ó lé, yàrá ẹ̀yìn lo ṣì wà,
Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bá húkọ́, wàá di ẹrù ẹ!"

Ilé mì tìtì. Ìtàkùn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹsẹ kẹta ló gbójú lé. Ó ka ẹsẹ kejì bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ń kán an lójú. Àáké gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò tilẹ̀ wò ó:

"Ẹ má dúró de ẹsẹ kẹta, mo ti mọ ibi tó ń lọ:
Aṣọ òkú bàbá ẹ̀ ni, òun ló gbé iná lé e!
Ó purọ́ mọ́ olè, bàbá wọ ẹ̀wù àyálò re sàárè,
Ní bodè ọ̀run wọ́n ní, bọ́ ọ, kì í ṣe tìẹ!
Bàbá ń rìn níhòòhò lọ́hùn-ún,
Ọmọ ẹ̀ ń lọ aṣọ aláṣọ!"

Àwọn èèyàn gun àga. Wọ́n di orí mú, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni tó rí ogún jẹ. Ẹ̀gbọ́n dé fìlà rẹ̀.

Ẹsẹ kan ṣì kù, Ìtàkùn kò sì ní òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ń bá a parí gbólóhùn: bó bá ní "ẹ̀wù náà," wọ́n á ní "jóná!" Nígbà tó kan bọ́tìnnì keje, ẹ̀gbọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Àáké ti àkísà bọ garawa, ó sì nu ògiri. Omi ẹfun ṣàn wálẹ̀ bí omi ọ̀gì.

Ẹ̀gbọ́n kò bá a jà nílé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń fọṣọ ń fi "Bàbá ń rìn níhòòhò" ṣe orin iṣẹ́. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ẹni tó fi orúkọ kankan pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Àáké ni, tòun ti ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ má bínú, ìjà ni ìjà. Orin yín yẹn, nínú gbogbo èrò ọjọ́sí, èmi nìkan ló yé."

Áyọ́ọ̀nù ń lọ lórí ọrùn aṣọ.

"Ohun kan ló ṣì rú mi lójú. Ẹ ní ẹ sọ ẹ̀wù yẹn nù. Báwo wá ni bọ́tìnnì keje ṣe kù?"

Ó gbójú sókè wò ó. Ó mọ ohun tí ẹnu yẹn lè fi ìdáhùn ṣe. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró sí ìdí rẹ̀, jìnnà sí aṣọ, ó nu ọwọ́, ó sì yọ bọ́tìnnì funfun kan tí etí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú láti inú àpò.

"Jókòó," ó ní. "Inú ẹsẹ kejì ni ìdáhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."