Iyẹ̀pẹ̀ Bàbá àgbà wà lára àwòrán mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n bi mí lónìí, lójú gbogbo èèyàn, pé ṣé òkú ni mo fẹ́ tà.

Àwòrán mi wà lára ògiri níbi àfihàn kan ní Bódìjà. Kò ní ojú, kò ní ọwọ́. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun.

Bàbá Àpáta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fọwọ́ kàn án.

"Níbo lo ti rí iyẹ̀pẹ̀ yìí?"

"Ojú oórì Bàbá àgbà ni, sà. Ní Mọníyà."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà."

"Oògùn ni wọ́n ń fi irú ẹ̀ ṣe! O wá gbé bàbá mi kọ́ ògiri, ṣé o fẹ́ tà wọ́n ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò bá wọn láyé. Mo fẹ́ kí wọ́n padà wá ni."

"Ha á kúrò. Kó padà sí Mọníyà lónìí." Wọ́n bá jáde.

Mo mú ọ̀bẹ. Mo ti ha ìdajì sínú ike báyìí. Ibi tí mo ha yẹn wá dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà jù mí lọ, ẹ tètè dá mi lóhùn: kí n ha ìyókù, àbí kí n lọ bẹ Bàbá Àpáta kí wọ́n wá wò ó?