Àyè Orúkọ Ìyá

Bí ẹ bá dé Àgbowó tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù, ọ̀dọ̀ Moróunkẹ́ ni wọn yóò júwe fún yín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kọ̀ǹpútà méjì lọ, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe tí ojú rẹ̀ kì í rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọjọ́ ìbí tí kò bá ìwé rẹ̀ mu yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀ dáadáa.

Àlá ojúmọmọ nìkan ni àléébù rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, ojú rẹ̀ á wà lára kọ̀ǹpútà, ọkàn rẹ̀ á ti dé Dùgbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń rí Túnráyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso okòwò ní yunifásítì, nínú ọ́fíìsì kan tó ga fíofío. Á tún rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà nínú fọ́tò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, gèlè rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju fọ́tò lọ.

Irú ọjọ́ òjò bẹ́ẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù Túnráyọ̀ sí àjọ kan tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ okòwò lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò tún ń rọ̀, lẹ́tà àjọ náà dé: orúkọ ìyá inú fọ́ọ̀mù kò bá ti ìwé ìbí mu. Kí wọ́n tún un ṣe kó tó di aago márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ni yóò gba àyè náà. Bí ó bá sì bọ́, Túnráyọ̀ yóò fi ọdún kan jókòó sílé.

Moróunkẹ́ wo fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀, kò tilẹ̀ ronú kan án. Ṣọlápé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bí Túnráyọ̀, ọmọ náà kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí Ṣọlápé fi kú. Moróunkẹ́ ló pọ̀n ọ́n wá sí Ìbàdàn láti Ìsẹ́yìn. Túnráyọ̀ mọ̀, gbogbo ẹbí mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Èèyàn gidi wo ló máa wí fún ọmọ pé ìyá rẹ kọ́ nìyí?

"Mọ́mì, aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù o," Túnráyọ̀ sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo rí i, ọmọ mi."

Ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó dùn ún wọra, bí ẹni pé inú fọ́tò yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò. Ó kọ Ṣọlápé. Fọ́ọ̀mù tún béèrè bóyá ìyá wà láàyè. Ó tẹ Rárá.

Àyè kan ló kù nísàlẹ̀: ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ohun tó jẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Moróunkẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ó fi Àǹtí sí i. Túnráyọ̀ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí fúnra mi."

Ó pa Àǹtí rẹ́, ó kọ Mọ́mì mi.

"Wọ́n á tún dá a padà o! Ìwé ẹ̀rí dà?"

"Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí fún ìyẹn, mà," Túnráyọ̀ dáhùn, ó sì fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́.