Awọ Ìsàlẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Lù

Mo ti fi awọ bo ìlù kan rí ní Táíwò Road, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn adìẹ tó sàba lórí ẹyin ní Òkè-Oyì lẹ́yìn odi ìlú sì fò dìde. Ẹyin tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pé pa lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ṣe ni àwọn òròmọdìẹ náà ń ju ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń jó. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ló wá ròyìn fún mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kò tíì mọ ọwọ́ mi ni.

Ìlù òyìnbó ni mò ń tún ṣe, èyí tí àwa ń pè ní jáàsì. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Kéú mi náà kò dé ibi tí bàbá mi fẹ́ kó dé, afáà ni wọ́n ní Gàmbàrí, wọ́n rò pé pátákó wàláà ni màá gbé dání títí ayé. Àwọn onílù ni mo sá tẹ̀lé. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n lù dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi báyìí, èmi ọmọ afáà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.

Tọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ nínú jáàsì kan: méjì kéékèèké tó ń jókòó lórí ìlù ńlá, àti ọ̀kan gbàǹgbà tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró nílẹ̀. Ojú méjì ni tọ́ọ̀mù ní. Ti òkè ni igi ń bà. Ti ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í lù ú. Ike ni awọ méjèèjì láyé ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n awọ náà là ń pè é.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lu ìlù bí ẹni ń pa ejò. Nítorí náà, awọ onípele méjì ni mo máa ń fi sí òkè fún wọn, kó lè tọ́jọ́. Èyí tí mo bá bọ́ lókè tí kò tíì ya, màá yí i sí ìsàlẹ̀. Mo ní, ta ló fẹ́ ná owó lórí ojú tí igi kì í bà? Ariwo sípíkà wọn á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Gàmbàrí, tí kò sí ẹni tó mọ jáàsì lù tó o nígbà tí a ṣì jẹ́ géńdé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí. Jáàsì tó ń lù nígbà náà ló ṣì wà ní pálọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ àwọn òyìnbó àtijọ́, igi ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá kírun Alásàrí tán, á jókòó sí i, á máa lù ú jẹ́jẹ́ kí àdúgbò má bàa bínú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń nù ún. Nínú gbogbo ohun tó ti fi ojú rí láyé, jáàsì yẹn nìkan ló kù tó ṣì ń rí, etí ló sì fi ń rí i.

Ó ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan.

"Awọ òkè àwọn tọ́ọ̀mù yìí ti rẹ̀," ó ní. "Bá mi pa á dà. Onípele kan ni kó o fi sí i, èyí tí wọ́n kùn ní funfun lójú. Má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀."

"Ṣé ìwọ ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

"Ojú mi ló fọ́, etí mi ò fọ́. Má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀."

Mo gbé àwọn tọ́ọ̀mù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onípele méjì ni mo dè sí òkè, mo ní ìyẹn á gbé e dópin ayé rẹ̀. Mo wá yí wọn, mo wo ìsàlẹ̀. Awọ ibẹ̀ mọ́ gaara, ó tín-ín-rín débi pé mo rí ilà àtẹ́lẹwọ́ mi láti òdìkejì. Mo ní bí ẹnì kan bá sín, á ya. Mo tú wọn, mo sì fi àwọn awọ òkè àtijọ́ rọ́pò wọn. Ọ̀kan nínú awọ gaara náà di ìdérí àwo wàrà tí ìyàwó mi ń tà níwájú ilé. Méjì tó kù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tí mo dán an wò, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń gbá tìmùtìmù. Mo gbọ́ ọ. Mo ní etí mi ló ti darúgbó.

Ọ̀rẹ́ mi ò sí nílé nígbà tí mo dá wọn pa dà, ó lọ kí ọmọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ọjà àlòkù ló bá mi gbé e wọlé. Ọjọ́ kẹrin ló dé, ó sì pè mí kí n wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó lu tọ́ọ̀mù kìíní, ó lu èkejì, ó lu ti ilẹ̀. Ó gbé igi kalẹ̀. Ó fọwọ́ pa ìlù náà lára.

"Ó jọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Wọ́n ti pààrọ̀ ìlù mi."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ wà nígbà yẹn. Mo ní, "Bóyá ó ti darúgbó bíi tiwa ni."

"Ọwọ́ tìrẹ mọ́, mo mọ̀ ọ́." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí. "Àbúrò rẹ ń ta àlòkù, àbí kì í tà?"

"Fíríìjì ló ń tà. Ṣé inú tọ́ọ̀mù ni wọ́n ń tọ́jú omi tútù sí?"

"Ìwọ nìkan ló wà nílé. Wá búra."

Obìnrin náà bọ́ síwájú. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín," ó ní, "ẹ ò fi olè pè mí rí."

"Búra, kó tán." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ afáà, gbé Kùránì yẹn kúrò lórí pẹpẹ, kó o dì í mú fún un."

Obìnrin náà ṣe àlùwàlá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Bó ṣe na ọwọ́ ọ̀tún báyìí, mo fa Kùránì sẹ́yìn. Mo ní, "Má búra, ìyàwó wa. Èmi ni mo pa awọ ìsàlẹ̀ dà." Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ ìyàwó rẹ̀, a sì jọ jẹ wàrà díndín.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Àwọn tó ń gbọ́ a máa yìn mí.

Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé tí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fi wá bá mi ní Táíwò Road lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Ìdérí àwo wàrà ìyàwó mi ló gbé dání.

"Mo lọ ra wàrà nílé yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n yá mi ní ìdérí rẹ̀." Ó gbé e sójú, mo ń rí ojú rẹ̀ láti inú ike náà. "Ẹ wo àmì pupa etí rẹ̀. Làálì tí mo lé sọ́wọ́ nìyẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa ló kàn án, mò ń nu ìlù nígbà tí ọwọ́ mi ò tíì gbẹ."

"Ike jọra, ìyàwó wa."

"Ẹ ti di Kùránì mú fún mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n lọ gbé e wá, kí èmi náà dì í mú fún yín?"

Mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an, kí ọkọ rẹ̀ tó ti mọ́sálásí dé, ni mo dá awọ gaara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa dà sí ìsàlẹ̀, mo sì fi onípele kan funfun sí òkè, bó ṣe ní kí n ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó lù ú, ohùn náà jáde, ó sì dúró díẹ̀ nínú pálọ̀ kó tó lọ. Awọ òkè ló ń gba igi, ti ìsàlẹ̀ ló ń dáhùn. Bí mo ṣe darúgbó tó yìí, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n ti dá a pa dà," ọ̀rẹ́ mi wí, inú rẹ̀ dùn. "Ìbúra yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù."

Títí di òní, àbúrò ìyàwó rẹ̀ kì í wọ ilé náà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Mi ò ní bá yín sọ ọ́. Ẹnu yín ló máa ti jáde." Mò ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀, màá jókòó, màá gbọ́ ìlù, màá sọ ọ̀rọ̀ adìẹ Òkè-Oyì, á rẹ́rìn-ín, màá dìde. Ẹnu mi kò gbà á.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni màá gbé e fún, kó kà á sí i létí lẹ́yìn Alásàrí. Ti adìẹ, irọ́ ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá kà á dé ibi tí mo ti fa Kùránì sẹ́yìn, kó má dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo hùmọ̀. Mi ò fa nǹkan kan sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó búra, mo dì í mú títí ó fi parí, mi ò sì sọ̀rọ̀.