Ẹ̀jẹ́ tí Sangili Jẹ́ Nítorí Ìbò

Kò sí ẹni tó fi dandan mú Sangili jẹ́ ẹ̀jẹ́. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Fèrè lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ níwájú ìsọ̀ onítíì, tó jù ú sódò. Ó ní òun kò tún ní wọ bàtà mọ́ àfi tí Fèrè bá padà gba ìjọba ní Chennai, olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣèlú ní abúlé wọn, Kurichi, nìyẹn: ẹlòmíì á dá irùngbọ̀n sí, ẹlòmíì á fá ìdajì irunmú. Ṣùgbọ́n irun a máa hù padà.

Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Sangili ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, nínú ẹrẹ̀ àti omi. Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ẹ̀gún mọ́. Ọ̀kan gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, kò mọ̀, àfìgbà tí ojú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà kò fi bò fún Pechi, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo: bí bàbá yìí bá tún ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, gígé ni a ó gé e.

Pechi ra bàtà tó fẹ̀, tó sì rọ̀. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó gbé e pa mọ́ di ìgbà tí ìbò bá jáde. Olórí kunkun! Ìyàwó tí ìbá bá a wí ti kú. Ẹni tí Fèrè fà kalẹ̀ wá tọrọ ìbò, ó dọ̀bálẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Sangili, wọ́n ya fọ́tò. Kò bèèrè ohun tí aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà wà fún. Bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ti èèyàn!

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka ìbò, Sangili ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó fi òwú dí etí, ó kọjú sí ògiri. Nígbà ìbò tó kọjá, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Fèrè ló ń mókè títí di ọ̀sán, àfìgbà tí òun jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ni nǹkan bá dàrú. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ojú òun ló ń ba ìbò jẹ́. Pechi ló rán lọ gbọ́ èsì ìbò ní ìsọ̀ onítíì.

Irulandi onítíì, ọmọ ẹgbẹ́ Abẹ̀bẹ̀ tó ń bá Fèrè du ìjọba, rí i lókèèrè. "Pechi! Lọ bá mi kí bàbá ẹ o! Sọ fún un pé fèrè ti dákẹ́, èémí ti tán nínú ẹ̀!" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Pechi kọ ẹ̀yìn sí i. Bó ṣe ń lọ sílé ni àwọn Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà. Nígbà tó fi máa wọlé, Sangili ti yọ òwú létí.

"Ta ló ń yin bángà yẹn?"

"Àwa ni, Bàbá. A ti wọlé."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Pechi kúnlẹ̀, ó rọra fi bàtà wọ̀ ọ́, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí kò rò ni pé ẹni tó wọlé ìbò kì í jókòó sílé.

"Bàbá, ẹ sinmi ná."

"Sinmi kẹ̀? Ọdún mẹ́wàá ni mo fi sinmi! Jẹ́ n lọ fojú kan Irulandi."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ Pechi kò tilẹ̀ dé ìkóríta. Àsíá Abẹ̀bẹ̀ ló kún títì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń da àtíkè aláwọ̀ síra wọn lára lórí ọ̀kadà.

Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wo bàtà! Sangili ti yà sọ́dọ̀ wa!"

Sangili kọjú sí onítíì. "Irulandi, ta ló wọlé?"

Irulandi wo Pechi, ọ̀rọ̀ yé e. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. "Jókòó, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ n po tíì fún ẹ. Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́bi bó o bá wọ bàtà. Èmi Irulandi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Sangili yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìbá sàn kó bú u. "Mo mọ̀ pé nítorí ẹsẹ̀ mi ni," ló sọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó kó o lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní—"

"Ọdún márùn-ún péré ló kù."

Oòrùn oṣù karùn-ún ti ń yọ́ ọ̀dà títì. Ó ń tiro lọ lórí rẹ̀, Pechi ń sunkún tẹ̀lé e, kò sì sẹ́ni tó tún yin bángà títí wọ́n fi kọjá.

Nígbà òjò ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní ọsibítù, Pechi mú bàtà òsì, ó fẹ́ fi wọ̀ ọ́. Sangili fa ẹsẹ̀ tó kù sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀jẹ́ ṣì wà lórí ìyẹn.